Owó Ìrànwọ́ àti Owó Iṣẹ́ Àkọ́kọ́: Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún Ará Ìbògùn, Ifọ̀, Mowé àti Ìbàfò

    Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó dúró lẹ́nu ọ̀nà nítorí pé àga ò kárí, ẹ̀yin gan-an ni mo torí yín wá.

Àwọn tó pè mí ní kí n sọ̀rọ̀ lórí owó tí ìjọba, ilé iṣẹ́ ńlá àti àwọn àjọ aláàánú ń yọ sílẹ̀ láti fi kọ́ àwọn ọmọ mẹ̀kúnnù ní iṣẹ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ.  Ọ̀rọ̀ náà gbòòrò, àkókò wa ò sì pọ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi gbé ìbéèrè kan ṣoṣo wá: bí ẹnì kan bá yọ owó sílẹ̀ pé kí a fi kọ́ ọmọ mẹ̀kúnnù níṣẹ́ ẹ̀rọ, ìgbà wo ni a lè sọ pé owó náà ti ṣe ohun tí a torí ẹ̀ yọ ọ́?

Èsì mi rèé, kí ẹ lè mọ ibi tí mò ń lọ. Ó di ọjọ́ tí ọmọ náà bá gba owó iṣẹ́ rẹ̀ àkọ́kọ́ lọ́wọ́ ẹni tí kì í ṣe olùkọ́ rẹ̀, tí kì í sì í ṣe ẹni tó yọ owó ìrànwọ́ náà. Kí ọjọ́ yẹn tó pé, ẹ̀kọ́ ti lè wáyé, ìwé ẹ̀rí ti lè jáde, a ti lè ya fọ́tò pẹ̀lú gómìnà, ṣùgbọ́n owó náà ṣì wà lójú ọ̀nà.

ÌPELE KÌÍNÍ: Ohun tí à ń sọ gan-an

Ẹ jẹ́ ká fẹnu kò lórí nǹkan mẹ́ta kí a tó lọ síwájú, nítorí ọ̀pọ̀ àríyànjiyàn lórí ọ̀rọ̀ yìí ló jẹ́ pé olúkúlùkù ní ohun tó ní lọ́kàn.

Àkọ́kọ́ ni owó ìrànwọ́. Owó ìrànwọ́ ni owó tí a fún ni láti fi ṣe iṣẹ́ kan pàtó, tí a kò ní dá padà bí a bá ṣe iṣẹ́ náà bí a ti ṣàdéhùn. Ó yàtọ̀ sí ẹ̀yáwó. Nígbà tí Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí 250 mílíọ̀nù dọ́là fún ètò OGSTEP ti Ìpínlẹ̀ Ògùn ní 2020, ètò tí ẹ̀kọ́ṣẹ́ wà lára ohun tó ń bójú tó, gbèsè ni. Àwa àti àwọn ọmọ wa la ó san án. Nígbà tí Google.org fún àjọ Data Science Nigeria ní ₦2.8 bílíọ̀nù ní 2024 láti fi kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní ìmọ̀ AI, owó ìrànwọ́ ni ìyẹn. Owó ìrànwọ́ tún yàtọ̀ sí sàráà. Ẹni tó ṣe sàráà kì í padà wá béèrè ohun tí a fi àkàrà rẹ̀ ṣe. Ẹni tó fúnni ní owó ìrànwọ́ ní ẹ̀tọ́ láti béèrè. Mo sì fẹ́ fi kún un pé àwọn tí a fi orúkọ wọn gba owó náà ní ẹ̀tọ́ kan náà. Bí wọ́n bá kọ ọ́ sínú ìwé pé àwọn ọ̀dọ́ Ifọ̀ ni wọ́n fẹ́ fi owó ràn lọ́wọ́, ará Ifọ̀ lè dìde béèrè ibi tí owó ọ̀hún dé. Ìbéèrè bẹ́ẹ̀ kì í ṣe àrífín.

Èkejì ni iṣẹ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ. Àwọn ọ̀dọ́ wa gbọ́ ọ, ọkàn wọn lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń kọ kóòdù ní Yàbá nìkan. Ẹni tó ń kọ kóòdù wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ẹni tó ń fa wáyà fáíbà tó ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì wọ àdúgbò wà níbẹ̀. Ẹni tó ń to sólà sórí òrùlé, tó mọ iye bátìrì tí fíríìjì ìyá oníbẹ̀ẹ̀rì máa gbé, wà níbẹ̀. Ẹni tó ń tún bọ́ọ̀dù fóònù ṣe lábẹ́ gíláàsì ńlá ní Ifọ̀, ẹni tó ń gbé kámẹ́rà ààbò sára ilé ní Mowé, ẹni tó ń bójú tó ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀ nínú ilé iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì ní Ewékorò, gbogbo wọn ló wà níbẹ̀. Ohun tí mo ń pè ní iṣẹ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ni iṣẹ́ tí ènìyàn ń sanwó fún nítorí pé òṣìṣẹ́ náà mọ ohun tó yẹ kí ẹ̀rọ ṣe, tó sì lè mú un ṣe é.

Ẹ̀kẹta ni àdúgbò tí kò lówó, ibí yìí ni mo sì fẹ́ dúró díẹ̀. Ìkànìyàn 2006, tí í ṣe èyí tí a ṣe kẹ́yìn ní Nàìjíríà, ka ènìyàn tó ju 500,000 lọ ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ifọ̀ nìkan, àti èyí tó ju 200,000 lọ ní Ọbáfẹ́mi-Owódé tí Mowé àti Ìbàfò wà. Gbogbo wa mọ ohun tí ojú wa ti rí láti ìgbà náà: ilé ń hù bí olú lápá méjèèjì òpópónà Èkó sí Ìbàdàn. Ẹni tó ń kọjá nínú mọ́tò á wo búlọ́ọ̀kù àti páànù tuntun, á ní àwọn wọ̀nyí lówó. Ṣùgbọ́n onílé náà ti jí láàárọ̀ kùtùkùtù, ó ti wà lójú ọ̀nà Bẹ́jà, tó ń lọ síbi iṣẹ́ ní Èkó, kí oòrùn tó yọ, iye tó sì ń san fún ọkọ̀ láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo kúrò ní May 2023 ti gba ibi tí owó ilé ìwé ọmọ máa ń wà tẹ́lẹ̀. Nítorí náà, n kò ní fi irú ilé tí ènìyàn ń gbé wọn òṣì. Àdúgbò tí kò lówó, lójú tèmi, ni àdúgbò tí ọ̀nà láti ilé dé ìdí iṣẹ́ ti gbówó lórí ju ohun tí ìdílé lè dá pamọ́ lọ. Owó ọkọ̀ wà nínú ọ̀nà yẹn, dátà wà níbẹ̀, iná wà níbẹ̀, oṣù mélòó kan tí ọmọ kò ní mú nǹkan kan wálé nítorí pé ó ń kọ́ṣẹ́ náà wà níbẹ̀.

Bí ẹ bá gba ìtumọ̀ yìí, ẹ ti gba ìdajì ohun tí mo wá sọ. Owó ìrànwọ́ tó san owó olùkọ́ tí kò fọwọ́ kan ọ̀nà yẹn kò tíì fọwọ́ kan òṣì.

ÌPELE KEJÌ: Ohun tí a ti ń ṣe kí wọ́n tó mú kọ̀ǹpútà dé

Ẹ̀kọ́ṣẹ́ kì í ṣe nǹkan àjòjì nílẹ̀ wa. Bí bàbá bá fẹ́ fi ọmọ sẹ́nu iṣẹ́, á mú un lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá, wọn á jókòó, wọn á kọ ìwé àdéhùn lójú ẹlẹ́rìí: ọdún mélòó, owó ẹ̀kọ́ṣẹ́ mélòó, ta ni yóò máa bọ́ ọmọ. Lọ́jọ́ fúrídọ́ọ̀mù, ọ̀gá á gbé irinṣẹ́ lé e lọ́wọ́, á súre fún un, àwọn òbí á gbé ọtí ẹlẹ́rìndòdò àti jọ́lọ́ọ̀fù wá. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí a ṣe ń dá ọ̀gá mọ̀. Kò sí ẹni tó ń béèrè pé ọmọ mélòó ló ti gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Ohun tí à ń béèrè ni pé, "Lágbájá tó ń tún ẹ̀rọ ṣe ní Pákoto yẹn, tó ti ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀, ta ni ọ̀gá rẹ̀?" Ibi tí a bá gbọ́ orúkọ náà lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta, ibẹ̀ la ó mú ọmọ tiwa lọ. Iṣẹ́ tí ọmọ ń ṣe lẹ́yìn fúrídọ́ọ̀mù ni ìwé ẹ̀rí ọ̀gá.

N kò sọ pé ètò náà mọ́ gaara. Àwọn ọ̀gá kan wà tó ń fi ọmọṣẹ́ fọ aṣọ ìyàwó wọn fún ọdún méjì kí wọ́n tó jẹ́ kó mú sípánà lọ́wọ́. Síbẹ̀, ìwọ̀n tí a fi ń wọn ọ̀gá tọ́.

Ìjọba náà ti gbìyànjú rí. Nígbà tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti Ìwọ̀ Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ní January 1955, kò pẹ́ tí ọmọ tó ti ka ìwé mẹ́fà fi pọ̀ láìsí iṣẹ́. Ní 1959, ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn dá àwọn oko àtìpó sílẹ̀, lẹ́yìn tí wọ́n ti lọ wo bí àwọn ará Ísírẹ́lì ṣe ń ṣe tiwọn. Ìkẹ́nnẹ́ wà lára ibi tí wọ́n gbé wọn sí. Wọ́n kọ́kọ́ kọ́ àwọn ọ̀dọ́ níṣẹ́ ọ̀gbìn ní ilé ẹ̀kọ́ oko, wọ́n wá fún wọn ní ilẹ̀, ilé àti irinṣẹ́ tí wọ́n máa san owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó jọ pé kò sí ohun tó kù. Owó ńlá wọlé sórí ẹnì kọ̀ọ̀kan, ọ̀pọ̀ wọn sì fi oko sílẹ̀. Kòkó, rọ́bà àti ọ̀pẹ kì í so lọ́dún tí a gbìn wọ́n, ọmọ ogún ọdún tí kò rí owó lọ́wọ́ kò sì lè jókòó de igi. Mo ń tẹnu mọ́ ọn nítorí pé ẹ̀kọ́ wà, ilẹ̀ wà, ilé wà, owó wà. Owó iṣẹ́ àkọ́kọ́ ló jìnnà.

Ní 1986, nígbà tí owó epo ti já wálẹ̀ tí àìríṣẹ́ṣe sì ti gbòde, ìjọba àpapọ̀ dá àjọ NDE, tó ń rí sí ìpèsè iṣẹ́, sílẹ̀. Nínú ètò ẹ̀kọ́ṣẹ́ tí àjọ náà gbé kalẹ̀, ọ̀dọ̀ àwọn mọkáníìkì, aránṣọ àti wẹ́dà àdúgbò ni wọ́n fi àwọn ọ̀dọ́ sí, wọ́n sì ń fún àwọn ọmọ náà ní owó táṣẹ́rẹ́ lóṣooṣù. Kíláàsì ti wà nílẹ̀, ṣọ́ọ̀bù ni. Oníbàárà náà ti wà nílẹ̀. Mo gbà pé ọgbọ́n tó wà nínú ìyẹn pọ̀ ju bí a ti ń yìn ín lọ, màá sì padà sórí rẹ̀.

ÌPELE KẸTA: Owó wà, ṣùgbọ́n ibo ló ń dé?

Ẹnikẹ́ni tó bá sọ fún yín pé kò sí owó, ẹ bi í nípa ITF, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń gba owó láti fi kọ́ òṣìṣẹ́. Òfin 1971 ló dá a sílẹ̀. Ilé iṣẹ́ tó bá ní òṣìṣẹ́ márùn-ún sókè, tàbí tí owó tó ń wọlé fún un bá tó ₦50 mílíọ̀nù lọ́dún, gbọ́dọ̀ fi ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo owó oṣù òṣìṣẹ́ rẹ̀ ránṣẹ́ síbẹ̀ lọ́dọọdún. Ẹ ro iye ilé iṣẹ́ tó wà láti Ọ̀tà dé Ewékorò, láti Ìbàfò dé Ṣàgámù. Ilé iṣẹ́ tó bá kọ́ òṣìṣẹ́ tirẹ̀ lè gbà tó ìdajì padà. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti wà nínú géètì ni owó náà ń tẹ̀ lé. Láti 1973 ni ITF ti ní ètò SIWES, èyí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ọlábísí Ọ̀nàbánjọ níbí ní Ìbògùn ń pè ní I.T., tó sì dára púpọ̀; ẹni tó ti wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga ló sì ń ràn lọ́wọ́. Ọmọ aláṣọ tó wà lẹ́yìn géètì ilé iṣẹ́, tó sì tún wà lẹ́yìn géètì ilé ẹ̀kọ́ gíga, kò sí nínú ìwé méjèèjì.

Bákan náà ni òfin ti 2007 tó jẹ mọ́ NITDA, àjọ ìjọba tó ń rí sí ìmọ̀ kọ̀ǹpútà, mú kí àwọn ilé iṣẹ́ ńlá bíi ti fóònù, báńkì àti adójútòfò máa yọ ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún èrè wọn fún ìdàgbàsókè ìmọ̀ kọ̀ǹpútà. Òfin owó orí tuntun ti 2025 ti pa á pọ̀ mọ́ àwọn owó mìíràn, ó di ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí èyí tí àwọn ọ̀dọ́ mọ̀ jù. Ní October 2023, Ilé Iṣẹ́ Ìjọba tó ń rí sí ìbánisọ̀rọ̀ àti ọrọ̀ ajé orí ẹ̀rọ, lábẹ́ Mínísítà Bọ́sún Tìjání, ọmọ Ìpínlẹ̀ Ògùn tó wà lára àwọn tó dá ibùdó ìmọ̀ ẹ̀rọ CcHub sílẹ̀ ní Yàbá, bẹ̀rẹ̀ ètò 3MTT láti kọ́ ènìyàn mílíọ̀nù mẹ́ta ní iṣẹ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ. Ẹni 30,000 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, èyí tó tẹ̀ lé e jẹ́ 270,000. Àwọn tó forúkọ sílẹ̀ lé ní mílíọ̀nù kan. MTN Foundation ṣèlérí ₦3 bílíọ̀nù fún un. Mo gbóríyìn fún wọn tọkàntọkàn. N kò mọ ìjọba kan ṣáájú tó gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀ rù lórí ọ̀rọ̀ yìí. Bí mílíọ̀nù ọ̀dọ́ sì ṣe sáré forúkọ sílẹ̀ ti pa àwọn tó ń sọ pé ọ̀lẹ ni wọ́n lẹ́nu mọ́.

Nítorí pé mo fẹ́ kí irú ètò báwọ̀nyí yọrí ni mo ṣe fẹ́ ká wo ibi tí gbogbo wọn ti sábà máa ń dúró. Mo mọ ọmọbìnrin kan tó ń tẹ̀wé ní ṣọ́ọ̀bù kan lẹ́bàá yunifásítì. Òun ló ń bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ ṣe tán tẹ prójẹ́ẹ̀tì. Ọmọrí ẹ̀rọ fọ́tòkọ́pì wọn ti já, wọ́n fi páálí ìwé A4 tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ kékeré kan wà lẹ́yìn ògiri. Ìgbà tí oníbàárà bá dé nìkan ni ọ̀gá rẹ̀ gbà kó fà á. Ọmọbìnrin yìí wọ ètò kan tó ń kọ́ni lọ́fẹ̀ẹ́ láti ṣe àkọsílẹ̀ àti ìtúpalẹ̀ dátà. Ẹ̀kọ́ náà ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni kíláàsì máa ń jẹ́, àsìkò tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń rọ́ wọ ṣọ́ọ̀bù. Ó wá ń dúró di ọ̀gànjọ́ òru, nígbà tí dátà alẹ́ ti dínwó, á fi fóònù tí ojú rẹ̀ ti sán fa fídíò ẹ̀kọ́ wálẹ̀, á máa wò ó títí oorun á fi gbé e lọ. Ó ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá orí táblì ńlá lórí fóònù tí kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ó parí rẹ̀. Wọ́n fi ìwé ẹ̀rí ránṣẹ́ sí i lórí íméèlì, ó sì fi ẹ̀rọ ṣọ́ọ̀bù tẹ̀ ẹ́ jáde. Ó wà lára ògiri lónìí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ páálí tí wọ́n kọ iye owó fọ́tòkọ́pì sí. Ọmọbìnrin náà ṣì ń tẹ prójẹ́ẹ̀tì.

Nínú ìròyìn ẹni tó yọ owó yẹn sílẹ̀, ọmọbìnrin yìí ti di ọ̀kan lára àwọn tí wọ́n ràn lọ́wọ́. Mo bi yín, ẹ̀yin ènìyàn mi, ṣé owó náà ti ṣe ohun tí a torí ẹ̀ yọ ọ́? Kò sí ẹni tó fi orúkọ rẹ̀ tó ilé iṣẹ́ kankan létí. Kò sí ẹni tó mú un lọ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ náà, kódà fún ọ̀sẹ̀ méjì. Nígbà tí NCC, àjọ ìjọba tó ń ṣàkóso àwọn ilé iṣẹ́ fóònù, sì fọwọ́ sí i ní January 2025 pé kí àwọn ilé iṣẹ́ fóònù fi tó ìdajì kún owó tí wọ́n ń gbà, ọ̀nà tirẹ̀ tún gbówó lórí sí i, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ náà sì ń jẹ́ ọ̀fẹ́ lọ.

ÌPELE KẸRIN: Ibi tí owó ti dé ìdí iṣẹ́ rí

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún wa pé kò ṣeé ṣe. Ní 2007, Gbénga Sẹ̀san bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tó di Paradigm Initiative. Kò gbé kíláàsì lọ sí Victoria Island; inú Ajégúnlẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀, ní àdúgbò tí àwọn ènìyàn máa ń fi ṣe àpèjúwe òṣì. Ètò LIFE tí wọ́n gbé kalẹ̀ kò kọ́ni ní kọ̀ǹpútà nìkan. Bí a ṣe ń bá ènìyàn lò níbi iṣẹ́, bí a ṣe ń tọ́jú owó àti bí a ṣe ń dá òwò sílẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ní 2012, Àbísóyè Àjàyí-Akínfọlárìn dá Pearls Africa Foundation sílẹ̀, ó sì ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin láti Màkókò àti àwọn àdúgbò bẹ́ẹ̀ ní kóòdù. Ó ń mú wọn lọ rí ilé iṣẹ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ fúnra wọn, kí wọ́n rí i pé ènìyàn bíi tiwọn ló jókòó níbẹ̀. CNN kà á mọ́ àwọn akọni rẹ̀ ní 2018.

Èyí tó wọ̀ mí lọ́kàn jù wáyé ní Làìbéríà. Lẹ́yìn ogun, ìjọba Ààrẹ Ellen Johnson Sirleaf, pẹ̀lú owó ìrànwọ́ láti ọ̀dọ̀ Nike Foundation àti àwọn mìíràn, tí Báńkì Àgbáyé sì ń darí rẹ̀, dá ètò kan sílẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́bìnrin bí 2,500, èyí tí wọ́n ń pè ní EPAG. Oṣù mẹ́fà ni wọ́n fi kọ́ wọn, oṣù mẹ́fà mìíràn ni wọ́n fi bá wọn wá iṣẹ́ tàbí bá wọn dá òwò sílẹ̀. Àdúgbò wọn ni wọ́n ti ń kọ́ wọn. Wọ́n ṣètò ìtọ́jú ọmọ fún àwọn ìyá ọmọ. Ohun tó sì ṣe pàtàkì jù fún ọ̀rọ̀ wa lónìí ni pé wọn kò san gbogbo owó fún àwọn àjọ tó ń kọ́ni lẹ́ẹ̀kan náà: apá kan wà tó jẹ́ pé ó dìgbà tí àwọn ọmọbìnrin náà bá rí iṣẹ́ kí ó tó tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́. Nígbà tí àwọn olùṣèwádìí fi wọ́n wé àwọn tí kò tíì wọ ètò náà, àwọn tó níṣẹ́ lọ́wọ́ fi ìdá 47 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i, owó tó ń wọlé fún wọn sì fi ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún gbéra. Àwọn tó dá òwò sílẹ̀ jèrè ju àwọn tó wá iṣẹ́ oṣù lọ, nítorí pé iṣẹ́ oṣù kò pọ̀ ní Monrovia, olú ìlú wọn. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn nípa Ifọ̀ àti Mowé. Nígbà tí mo bá dárúkọ owó iṣẹ́ àkọ́kọ́, owó tí oníbàárà kan san fún ọmọ tó to sólà sílé rẹ̀ wà nínú rẹ̀.

Ní ìlú Amẹ́ríkà, àjọ Per Scholas, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Bronx ní New York ní 1995, ń kọ́ àwọn ará ibẹ̀ ní iṣẹ́ kọ̀ǹpútà lọ́fẹ̀ẹ́, owó ìrànwọ́ ni wọ́n sì fi ń ṣe é. Nígbà tí àwọn olùṣèwádìí fi ìbò pín àwọn tó yege láti wọlé sọ́nà méjì, wọ́n rí i pé owó tó ń wọlé fún àwọn tí ìbò mú ju ti àwọn yòókù lọ. Kí ló fà á? Wọ́n kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ àwọn agbaniṣíṣẹ́ ohun tí wọ́n nílò kí wọ́n tó kọ ìwé ẹ̀kọ́ wọn, wọ́n sì bá akẹ́kọ̀ọ́ dé ẹnu ọ̀nà agbaniṣíṣẹ́ náà.

ÌPELE KARÙN-ÚN: Àwọn tó ní àríyànjiyàn

Àwọn ọlọ́gbọ́n kan yóò sọ pé, bí a bá so owó olùkọ́ mọ́ iṣẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ rí, olùkọ́ á máa ṣa àwọn ọmọ tó ti mọ nǹkan tẹ́lẹ̀, á sì fi ọmọ tí kò parí ìwé mẹ́wàá sílẹ̀. Òótọ́ ni wọ́n sọ, ewu náà kò sì kéré. Ohun tí mo rò ni pé kí iye tí a ó san lórí ọmọ tó ti jìnnà wá ju ti ọmọ tó ti wà nítòsí lọ, kí àyè díẹ̀ sì wà fún wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan, àyè tí a ó fi ìbò pín lójú gbogbo ènìyàn.

Àwọn mìíràn yóò ní bí a bá kọ́ wọn tán, wọ́n á já lọ sí Èkó tàbí Kánádà. Kí wọ́n lọ. Ilé tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń gbé ní Mowé, owó tí a rí ní Èkó la fi kọ́ ọ. Ọmọ tó ń gbowó oṣù níbikíbi, tó ń fi díẹ̀ ránṣẹ́ sílé, sàn ju ọmọ tó jókòó sílé pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí lọ.

Èyí tó le jù lọ́dọ̀ mi ni ti àwọn tó ní iṣẹ́ kò sí rárá, pé kò yẹ ká fi àìsí iṣẹ́ jẹ olùkọ́ níyà. N kò ní ìdáhùn tó pé sí èyí. Olùkọ́ kò lè dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá mọ̀ pé iṣẹ́ kan kò sí, kí ló dé tó fi ń kọ́ igba ọmọ ní iṣẹ́ ọ̀hún? Ìdí tí wọ́n fi ń ṣe bẹ́ẹ̀ ni pé iye orí tó wà ní kíláàsì ni à ń sanwó fún. Bí owó bá so mọ́ owó iṣẹ́ àkọ́kọ́, olùkọ́ fúnra rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ lọ wá ibi tí iṣẹ́ wà.

ÌPELE KẸFÀ: Níbí, ní Ìbògùn

Ẹ wo ibi tí a jókòó sí. A wà ní abúlé tí Ààrẹ tẹ́lẹ̀ rí Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ ti wá, ibi tí yunifásítì ti ń kọ́ àwọn ẹnjinníà. Ní ìhà ibí náà ni Kájọlà wà, níbi tí wọ́n ti fi ìpìlẹ̀ ilé iṣẹ́ tó ń to ọkọ̀ ojú irin lélẹ̀ ní 2019. Rélùwéè Èkó sí Ìbàdàn tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2021 gba àgbègbè wa kọjá. Ilé tuntun lọ́tùn-ún lósì ń wá ẹni tó máa to sólà àti kámẹ́rà. Iṣẹ́ ń bẹ. Ohun tí kò sí ni afárá láti ọ̀dọ̀ ọmọ dé ìdí rẹ̀.

Nítorí náà mo ní àwọn ìmọ̀ràn kan fún ẹnikẹ́ni tó bá ń bọ̀ wá fi orúkọ wa gba owó. Kí wọ́n kọ́kọ́ mú lẹ́tà wá láti ọ̀dọ̀ agbaniṣíṣẹ́ tàbí àwọn ọ̀gá oníṣẹ́ tí yóò gba àwọn ọmọ náà sọ́dọ̀, kí a tó ná náírà kan. Kí wọ́n pín owó olùkọ́ sí mẹ́ta: ìdá kan ní ìbẹ̀rẹ̀, ìdá kan bí ẹ̀kọ́ bá parí, ìdá kan, kó má sì kéré, lẹ́yìn oṣù mẹ́ta tí ọmọ ti ń gbowó. Àlátì báńkì, rìsíìtì oníbàárà, ìwé owó ṣọ́ọ̀bù, a lè fi wọ́n ṣe ẹ̀rí.

Kí wọ́n san owó ọ̀nà náà. Ọkọ̀, dátà, ẹni tí yóò bá ìyá ọmọ tọ́jú ọmọ. Mo mọ̀ pé àwọn afúnnilówó kì í fẹ́ gbọ́ nípa owó ọkọ̀. Ó dà bí ìnáwó lásán lójú wọn. Òun gan-an ló ń dá ọmọ dúró. Dípò kí wọ́n pín kọ̀ǹpútà alágbèéká fún ẹni díẹ̀ tí àwọn kan yóò sì tà nígbà tí ebi bá dé, kí wọ́n ṣe yàrá kan ní Ìbògùn, ọ̀kan ní Ifọ̀, ọ̀kan láàárín Mowé àti Ìbàfò, tó ní sólà, íntánẹ́ẹ̀tì àti kọ̀ǹpútà, tí yóò máa ṣí títí alẹ́ àti ní Sátidé, nítorí pé ọmọ mẹ̀kúnnù ń ṣiṣẹ́ lọ́sàn-án.

Ibí ni mo ti padà sórí ọgbọ́n NDE. Àwọn ẹnjinníà fóònù, oníná àti onísólà tó wà nínú gbọ̀ngàn yìí ni kí a sanwó fún láti gba ọmọ sọ́dọ̀, kí àwọn olùkọ́ yunifásítì sì ṣí ilé ìdánwò wọn sílẹ̀ ní àsìkò ìsinmi gígùn. Ọ̀gá á fi ọwọ́ kọ́ ọmọ, olùkọ́ á sọ ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀ fún un. Àwọn méjèèjì ò jìnnà síra wọn; kò sí ẹni tó tíì san owó kan fún wọn láti pàdé ni.

Èyí tó kù wà lọ́wọ́ Kábíyèsí àti àwọn alága ìjọba ìbílẹ̀ méjèèjì, kò sì náni ní nǹkan púpọ̀. Kí ìwé kan wà lára ògiri sẹkitéríàtì ní Ifọ̀ àti ní Owódé. Kí orúkọ àjọ tó ń kọ́ni wà níbẹ̀, iye owó tó gbà, iye ọmọ tó wọlé, iye tó parí, àti iye tó ń gbowó iṣẹ́ lẹ́yìn oṣù mẹ́fà. Kí wọ́n máa tún un kọ ní ìdámẹ́rin ọdún. Àjọ tí kò bá fẹ́ kọ iye tó kẹ́yìn yẹn, kí Kábíyèsí má fún un ní ilẹ̀, kí ìjọba ìbílẹ̀ má bá a fọwọ́ sí ìwé, kí ẹ̀yin òbí má sì forúkọ ọmọ yín sílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀.

Mo ti ṣetán láti gbọ́ ìbéèrè yín, pàápàá jù lọ ti àwọn tó dúró lẹ́nu ọ̀nà.